Bí Odò Ṣe Dúró Sójú Kan Nínú Kọ̀ǹpútà Ọ̀gá Àgbà

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹ jẹ́ kí n ti tètè gbèjà rẹ̀ níbẹ̀. Òmùgọ̀ ṣeé bá ṣiṣẹ́. Òmùgọ̀ á bi ọ́ léèrè ọ̀nà, á sì gba ibi tí o júwe fún un. Ẹni tó ṣòro ni ẹni tó gbọ́n díẹ̀, tí wọ́n wá fún ní àga tó ń yí bírí, tí wọ́n gbé ẹ̀rọ amúlétutù kọ́ sókè orí rẹ̀, tí wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni má wọlé tọ̀ ọ́ láì kan ilẹ̀kùn. Kò ní pẹ́ tí ọgbọ́n díẹ̀ náà á fi bá atẹ́gùn tútù lọ.

Òun ni Ọ̀gá Àgbà ní Ilé-Iṣẹ́ Ìṣọ́ Odò. Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà kò ju ẹyọ kan lọ: kí wọ́n mọ ibi tí omi dé, kí wọ́n sì tètè sọ fún àwọn tó ń gbé ní àdúgbò ìsàlẹ̀ odò bí ó bá fẹ́ kún. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ bí ọ̀gá yìí ṣe ń sọ̀rọ̀ á rò pé òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ odò náà. Bí ẹ bá bi í pé aago mélòó ló lù, á wúkọ́, á tún táì ṣe, á ní, "Kí n tó sọ̀rọ̀, mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀." Ìdí nìyẹn tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń pè é ní Kí-N-Tó-Sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni o. Níwájú rẹ̀, orúkọ rẹ̀ gùn ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì rẹ̀ lọ.

Ẹni tó mọ orúkọ gígùn náà lórí ni akọ̀wé rẹ̀, Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà. Orúkọ ìnagijẹ yẹn kò nílò àlàyé. Bí ọ̀gá bá sín, akọ̀wé á ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Ẹnì kẹta ni Àǹtí Oníṣirò, obìnrin tó ń ṣe ìṣirò omi. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, kì í sì í díbọ́n pé òun jẹ́ onírẹ̀lẹ̀. Látijọ́, àwọn òṣìṣẹ́ dáàmù tó sé odò náà lókè ló máa ń fi fóònù ka ìwọ̀n omi fún ilé-iṣẹ́ yìí. Ẹni tó ń gbọ́ á gbọ́ ọ̀kan, á kọ òmíràn. Nígbà tó yá, àwọn ará dáàmù ṣí fèrèsé kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. API ni wọ́n ń pe irú fèrèsé bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà tìrẹ á lọ bá kọ̀ǹpútà tiwọn lójú fèrèsé, á béèrè pé omi dé ibo, tiwọn á sì ka nọ́ńbà lé e lọ́wọ́. Àǹtí Oníṣirò bá jókòó, ó fi R, èdè tí àwọn oníṣirò fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kọ ìlà díẹ̀. Ìlà kan ń lọ béèrè, ìlà kan ń gba èsì, èyí tó kù ń tú èsì náà sínú tábìlì, torí bí ó ṣe máa ń dé, ó máa ń lọ́ mọ́ra bí òwú tí ológbò fi ṣeré. Láràárọ̀, kí tíì rẹ̀ tó tutù, tábìlì ti délẹ̀: ọjọ́, ibùdó, ìwọ̀n omi, ohun tí àwọn oníṣirò ń pè ní dátà. Á pe olórí àdúgbò ìsàlẹ̀ odò, á ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀," tàbí, "Ẹ palẹ̀ ẹrù mọ́." Ó parí.

Ó dára, àbí? Ohun tó burú níbẹ̀ gan-an nìyẹn. Iṣẹ́ ń lọ geere, ọ̀gá kò sì sí nínú rẹ̀.

Ọjọ́ tí ó gbọ́, ó pe ìpàdé, ó ní kí Àǹtí Oníṣirò wá ṣàlàyé ara rẹ̀ níwájú gbogbo òṣìṣẹ́.

"Nígbà tí ẹ bá lọ béèrè nọ́ńbà yìí," ni ọ̀gá wí, "orúkọ ta ni ẹ fi ń béèrè?"

"Kò sórúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, sà. Kọ̀ǹpútà ló ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀."

"Á kàn já wọlé ẹni ẹlẹ́ni, á ní omi dà?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, sà."

"Kò ní kí wọn?"

"Wọn ò retí kíkí, sà."

Kí-N-Tó-Sọ̀rọ̀ yọ awò ojú rẹ̀. Ó wo òrùlé títí, bí ẹni pé òun nìkan ni wọ́n di ẹrù aráyé lé lórí. "Kí n tó sọ̀rọ̀," ni ó wí, "mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ yìí kì í ṣe ilé-iṣẹ́ aláìlẹ́kọ̀ọ́. Èmi tí mo jókòó yìí, èmi tí mo ti fi ẹsẹ̀ tẹ ibi tí ojú ẹlòmíràn nínú yín kò lè rí lójú àlá, èmi tí àwọn ọ̀mọ̀wé dìde fún nínú gbọ̀ngàn tí atẹ́gùn rẹ̀ tutù ju èyí lọ, ṣé kọ̀ǹpútà tèmi ló yẹ kó máa kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn kiri bí ọmọ tí kò níyàá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà dáhùn, kó tó rí i pé ìbéèrè ni. "Rárá o, sà."

Àṣìṣe tí Àǹtí Oníṣirò ṣe níbẹ̀ ni pé ó sọ òtítọ́. Ó ní ààyè kékeré kan wà lórí ìbéèrè náà tí ẹni tó ń béèrè ti lè sọ ẹni tí òun jẹ́. Ọ̀gá kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n kọ orúkọ òun síbẹ̀ kíá, pẹ̀lú gbogbo oyè, láì yọ ẹyọ kan. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà bá dìde dúró, ó ń pè é, obìnrin náà ń tẹ̀ ẹ́: Ẹni Ọ̀wọ̀ Jùlọ, Ọ̀gá Àgbà Pátápátá, Dókítà nínú Ìmọ̀ Omi Dídúró àti Omi Tó Ń Ṣàn, Alága Ìgbìmọ̀ Tó Ń Yan Àwọn Ìgbìmọ̀, Ẹni Tí Odò Mọ̀. Ó ń bọ̀ lọ́nà, ó ṣì kù. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ti ń tògbé nígbà tí ó dé orí oyè tí wọ́n fi dá ọ̀gá lọ́lá nílé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi.

Wọ́n fi ránṣẹ́. Kí ojú tó ṣẹ́, èsì ti dé.

"Kí ni wọ́n wí?" ni ọ̀gá béèrè.

Àǹtí Oníṣirò ka ojú kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. "Wọ́n ní orí tóbi jù, sà."

"Orí ta?"

"Orí ìbéèrè wa ni, sà. Wọ́n ní kò lè gba ẹnu fèrèsé wọlé."

Gbogbo ènìyàn dojú bolẹ̀. Ẹnì kan nínú wọn wú ikọ́ tí kì í ṣe ikọ́.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Kọ̀ǹpútà wọn ni, sà."

"Ipò wo ló wà nínú iṣẹ́ ìjọba?"

Títí di òní, kò sẹ́ni tó rí èsì sí ìbéèrè yẹn. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló wá jókòó ti àwọn oyè náà, tó ń gé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń gé ìka ara rẹ̀, títí orí ìbéèrè fi gba ojú fèrèsé wọlé.

Bí ó bá mọ níbẹ̀, à bá máa rẹ́rìn-ín lásán ni. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti gbé ọ̀rọ̀ kan nígbà tí wọ́n ń ṣàlàyé: kọ́kọ́rọ́. Fèrèsé náà ní kọ́kọ́rọ́. Ìdìpọ̀ lẹ́tà àti nọ́ńbà gbọọrọ ni, tí àwọn ará dáàmù fún ilé-iṣẹ́ yìí, kí wọ́n lè mọ ẹni tó ń béèrè. Kọ́kọ́rọ́ wà nílé-iṣẹ́, kò sì sí lọ́wọ́ ọ̀gá. Ẹ ò rí i pé ayé ti bàjẹ́.

Ó ní kí wọ́n kùn ún sára pátákó ńlá, kí wọ́n fi ọ̀dà tó ń dán kọ ọ́, kí wọ́n fi aṣọ bò ó, kí wọ́n sì pe àwọn oníròyìn wá rí bí òun yóò ṣe ṣí i.

"Sà," ni Àǹtí Oníṣirò wí, "ẹni tó bá ti rí kọ́kọ́rọ́ yìí ti ní i nìyẹn. Kì í ṣe ohun tí à ń fi hàn."

"Kí wá ni ìwúlò rẹ̀," ni ọ̀gá béèrè, "bí aráyé ò bá mọ̀ pé èmi ni mo ni í?"

Wọ́n ṣí pátákó. Ọ̀gá sọ̀rọ̀ títí omi inú ìgò àwọn oníròyìn fi tán. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ẹ̀kán omi kan tí yóò ṣàn láì jẹ́ pé ó gba ọwọ́ òun kọjá. Àwòrán rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn, òun pẹ̀lú pátákó rẹ̀ lẹ́yìn, ó sì mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí arúgbó fi lè ka gbogbo lẹ́tà inú kọ́kọ́rọ́ náà láì lo awò ojú.

Wọ́n sì kà á. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ R kà á, apẹja kà á, ẹnì kan tó fẹ́ fi ìwọ̀n omi ta tẹ́tẹ́ náà kà á. Gbogbo wọn ń fi kọ́kọ́rọ́ ọ̀gá wọlé, ìbéèrè ń rọ́ lu àwọn ará dáàmù bí òkò. Kọ̀ǹpútà wọn kọ́kọ́ ní ó tó gẹ́ẹ́, ìbéèrè yín ti pọ̀ jù. Nígbà tí kò dáwọ́ dúró, ó wá ní òun ò mọ̀ yín rí. Àwọn ará dáàmù pè, wọ́n ní kọ́kọ́rọ́ náà ti di ti gbogbo ayé, àwọn ti pa á, kí ilé-iṣẹ́ béèrè òmíràn. Wọ́n ní kò lè pẹ́ rárá.

Ọ̀gá kọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín, torí òun ò jẹ́ sọ ọ́: olórí dáàmù ni ẹni tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì kan náà, tó máa ń gba ipò kìíní. "Èmi, kí n lọ máa tọrọ kọ́kọ́rọ́ bí ayálégbé?" ni ó wí. "Òun ni yóò gbé e wá, pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀." Ó sì kà á léèwọ̀ fún ẹnikẹ́ni nílé-iṣẹ́ láti béèrè.

"Dátà ò wọlé mọ́, sà," ni Àǹtí Oníṣirò lọ sọ fún un.

"Ṣé ohun tó ń da gbogbo yín láàmú nìyẹn?" Ọ̀gá pe ẹni tó ń ra nǹkan fún ọ́fíìsì. "Lọ ra dátà fún wọn. Èyí tó tóbi jù ni kí o rà."

Wọ́n ra dátà. Gbogbo òṣìṣẹ́ wo fíìmù títí ojú fi pọ́n wọn. Odò kò sọ nǹkan kan.

Ọ̀gá bá ní òun fẹ́ rí tábìlì náà fúnra òun. Ó rí i pé láti ọjọ́ tí kọ́kọ́rọ́ ti kú, lẹ́tà méjì péré ló ń tẹ̀ léra wọn sísàlẹ̀: NA, NA, NA. Ó kà á bí ó ṣe rí lójú rẹ̀. "Ná. Ná. Ná." Òógùn bò ó. "Ta ló ń ná nǹkan nínú tábìlì mi? Bí àwọn olùyẹ̀wò owó bá rí èyí ńkọ́?"

"Kì í ṣe ná, sà," ni Àǹtí Oníṣirò wí. "Bí R bá débi tí kò rí nǹkan, ohun tó máa ń kọ nìyẹn. Ó ń sọ pé òun ò mọ̀ ni."

Ìyẹn wá burú ju ti owó lọ. "Nílé-iṣẹ́ tí mo ń darí," ni ọ̀gá wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ bí ti ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, "ẹnikẹ́ni, ohunkóhun, kò gbọdọ̀ sọ pé òun ò mọ̀. Ẹ fi nọ́ńbà sí i."

"Nọ́ńbà wo, sà?"

"Nọ́ńbà tó yẹ wá."

Àǹtí Oníṣirò ní òun ò lè kọ ohun tí òun ò rí. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà lè kọ ọ́. Òun náà mọ R díẹ̀. Ó fi ìlà kan ṣoṣo sí i, ìlà tó mú nọ́ńbà tó dé kẹ́yìn, tó sì fà á lọ sísàlẹ̀ bo gbogbo NA mọ́lẹ̀. Ó ya àwòrán rẹ̀. Odò tó ń lọ sókè sódò tẹ́lẹ̀ wá dúró gbọnrangandan, ìlà kan tó tọ́ bí okùn tí bíríkìlà ta.

Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú ọ̀gá. "Ẹ wo bí ó ṣe tọ́," ni ó wí. "Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ yìí ti wà, ta ló tíì mú odò tọ́ báyìí?"

"Ẹ̀yin nìkan ni, sà."

"Kò ga, kò relẹ̀."

"Ẹ̀rù yín ló ń bà á, sà."

Ọjọ́ náà ni wọ́n dá àyẹyẹ kan sílẹ̀, Àyẹyẹ Ìdúróṣinṣin Odò. Etí odò gan-an ni yóò ti wáyé. Wọ́n pe mínísítà. Wọ́n tẹ ìlà títọ́ náà sára aṣọ fífẹ̀ kan tí wọ́n máa nà sẹ́yìn àga rẹ̀. Ní gbogbo àkókò yìí, òjò ń rọ̀ lókè odò.

Ìyàwó ọ̀gá jẹ́ obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ tó ti kọ́ bí ènìyàn ṣe ń mu tíì láàárín ọ̀rọ̀ gígùn. Àdúgbò ìsàlẹ̀ odò ni ìyá rẹ̀ ń gbé, nínú ilé tí ọkọ ìyá náà tó ti kú kọ́, kò sì fẹ́ kúrò níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú àyẹyẹ, ọ̀gá sọ̀rọ̀ ìlà títọ́ náà títí búrẹ́dì fi gbẹ nínú àwo. Obìnrin náà ń wo ojú ọ̀run láti fèrèsé. Bí ọkọ ṣe jáde, ó pe Àǹtí Oníṣirò.

"Àbúrò mi, ẹ má bínú. Òjò yìí ń já mi láyà. Ṣé kí n lọ gbé màmá mi ni?"

"Kí ni ọ̀gá sọ fún yín, mà?"

"Ó ní odò dúró."

"Mi ò mọ ibi tí odò dé, mà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nílé-iṣẹ́ wa. Ẹni tó bá ní òun mọ̀, ẹ bi í pé ibo ló ti rí i."

"Ọkọ mi lẹ̀ ń bá wí yẹn o."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mà."

"Ó dáa," ni ìyàwó ọ̀gá wí. "Ẹ bá mi wá a. Bí ó bá bínú, ẹ ní èmi ni mo rán yín."

Àǹtí Oníṣirò kọ̀wé sí àwọn ará dáàmù ní orúkọ ara rẹ̀. Wọn ò béèrè oyè. Kọ́kọ́rọ́ tuntun dé kí ó tó tún ìjókòó ṣe. Ó fi í sípò èyí tó ti kú, ó ní kí R lọ béèrè. Èsì tó dé ni igba, nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń sọ fún ara wọn pé ó ti dára, ẹ gbà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó gbà kò dára. Ìlà kọ̀ọ̀kan nínú tábìlì náà ga ju èyí tó wà lókè rẹ̀ lọ, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá sì ti kọjá ibi tí wọ́n máa ń sọ pé kí àwọn ènìyàn kó ẹrù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má kan ilẹ̀ títí ó fi dé ọ́fíìsì ọ̀gá.

Ọ̀gá wà níwájú dígí, ó ń kọ́ bí yóò ṣe gbé ọwọ́ sókè nígbà tí wọ́n bá ń pàtẹ́wọ́.

"Ta ló pàṣẹ fún yín láti béèrè?" ni ó wí.

"Ìyàwó yín ni, sà."

Ìyẹn ló mú un kúrò níwájú dígí. Ó wo tábìlì náà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó yé e; mo ti sọ fún yín pé kì í ṣe òmùgọ̀. Fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn lè fi mí lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rù bà á. Lẹ́yìn náà ó rí aṣọ fífẹ̀ náà lára ògiri, pẹ̀lú ìlà rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀ lábẹ́ ìlà.

"Kọ́kọ́rọ́ ta lẹ fi gbà á?"

"Tèmi ni, sà."

"Odò tiyín nìyẹn, nígbà náà," ni ọ̀gá wí. "Tèmi dúró."

Àǹtí Oníṣirò kò bá a jiyàn. Ó jáde, ó pe olórí àdúgbò, ó ní, "Ẹ palẹ̀ ẹrù mọ́ lónìí, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni." Ó pe ìyàwó ọ̀gá. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn ará ìsàlẹ̀ odò ti ń gun òkè lọ sí ilé-ìwé, pẹ̀lú ẹní, ìkòkò, ewúrẹ́ àti ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìyá ìyàwó ọ̀gá jókòó síwájú ọkọ̀ tí ọmọ rẹ̀ háyà, ó ń bú gbogbo ènìyàn lọ́nà, ó ní ilé òun ò ṣẹ òun.

Lọ́jọ́ kejì, àyẹyẹ bẹ̀rẹ̀. Àga tí wọ́n tò fún àwọn ará àdúgbò ṣófo. Ọ̀gá sọ fún mínísítà pé ọ̀wọ̀ ló mú wọn pẹ́, wọn ò fẹ́ ṣáájú àwọn àgbà jókòó. Ó bọ́ síwájú makirofóònù.

"Kí n tó sọ̀rọ̀," ni ó wí.

Omi dé nígbà tí ó dé orí ìtàn ìgbà èwe rẹ̀. Kò dé pẹ̀lú ariwo. Ó kàn yọ́ wọ abẹ́ ìbòji, ó gbé fìlà ẹnì kan tó jábọ́, ó sì ń bá a lọ jẹ́ẹ́jẹ́. Mínísítà ti pẹ́ nínú òṣèlú, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kí ènìyàn kúrò níbi nǹkan. Ó mú bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó dìde láì dágbére. Àwọn tó tẹ̀ lé e dìde. Ọ̀gá rí wọn, ó tún gbé ohùn sókè. Omi dé orúnkún rẹ̀.

"Akọ̀wé," ni ó wí, makirofóònù ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, "wo kọ̀ǹpútà. Odò dé ibo?"

Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ṣí i. Ó gbé e sókè orí kí omi má bàa kàn án. "Ó wà níbi tó wà láná, sà."

"Ṣé ẹ gbọ́ bẹ́ẹ̀?" ni ọ̀gá sọ fún àwọn àga.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni makirofóònù gbé jáde kẹ́yìn kó tó kú. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ó sì sáré. Ọ̀gá gun orí àga mínísítà. Ibẹ̀ ló wà, ó di aṣọ fífẹ̀ mú lọ́wọ́ kan, nígbà tí ẹni tó fi àga háyà fún wọn gbé ọkọ̀ ojú omi dé láti wá kó ẹrù rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sọ̀kalẹ̀," ni ó wí. "Àga mi lẹ gùn lé."

Nínú ọkọ̀ náà, láàárín àwọn àga, ni ó jókòó sí títí wọ́n fi gbé e dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilé-ìwé. Àwọn ará àdúgbò dúró lókè, wọ́n ń wò ó bọ̀. Ẹnikẹ́ni ò kú lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n odò wọ ilé wọn, ó dé ojú fèrèsé, wọn ò sì rí ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín nínú ọ̀gá tó jókòó sáàárín àga.

Wọ́n ṣe ìwádìí. Mínísítà bi í pé ta ló sọ fún un pé odò dúró. Ó ní kọ̀ǹpútà ni. Wọ́n bi Àǹtí Oníṣirò.

"Kọ̀ǹpútà sọ pé òun ò mọ̀, sà," ni ó dáhùn. "Àwa la pa á lẹ́nu mọ́."

Wọ́n ní kí ọ̀gá lọ sinmi. Nínú iṣẹ́ ìjọba, ìsinmi yẹn kì í lópin. Wọ́n ní kí Àǹtí Oníṣirò máa di ibẹ̀ mú ná, ní àárọ̀ ọjọ́ tó sì jókòó sórí àga tó ń yí náà, akọ̀wé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà," kí obìnrin náà tó la ẹnu. Àǹtí Oníṣirò ní kó lọ jókòó, kó máa yọ gbogbo nọ́ńbà tó fi bo NA mọ́lẹ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí omi fà, ìyá ìyàwó ọ̀gá padà sílé rẹ̀. Ẹrẹ̀ kún pálọ̀. Ọmọ rẹ̀ ń fọ ògiri, ọkọ ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú ṣòkòtò tí ó ká sókè, kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ sí. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, kò sẹ́ni tó pè é lórí fóònù. Ìyá náà ti kó ẹrẹ̀ dé àárín yàrá. Ó nara, ó fọwọ́ ti ìbàdí, ó wo ojú ọ̀run tó tún ń ṣú bọ̀.

"Bàbá àwọn ọmọ," ni ó wí, "ìwọ tí o ṣiṣẹ́ odò. Ṣé omi yìí á tún padà wá? Ṣé kí n kó ẹrù mi sọ̀kalẹ̀ wá, àbí kí n ṣì dúró sí ilé-ìwé lókè lọ́hùn-ún?"

Ọkùnrin náà wúkọ́. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sọ́rùn, kò bá táì níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dáwọ́ ògiri fífọ̀ dúró, ó ń wò ó.

"Mi ò mọ̀, Màmá," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Ẹ jẹ́ kí n pe ẹni tó lè mọ̀."

Ìyá àgbà wò ó láti òkè délẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í hàn án ni. Ó na ṣọ́bìrì sí i.

"Pè é," ni ó wí. "Tó o bá pè é tán, wá kó ẹrẹ̀."